Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Di Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Ní ọjọ́ fídáù Ìyá Àgbà, Àfáà tó ṣe wàásù sọ pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, onísùúrù tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi àti Àmínà àbúrò mi wo ara wa lójú. Lùkúmánù, ọmọ àbúrò bàbá wa, fi fìlà bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín níwájú àwọn àgbà. Mo mọ̀ pé rere ni Àfáà ń wá, kí Ọlọ́run san án fún un, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ṣàpèjúwe yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ìyá Àgbà tèmi ò ní sùúrù. Tí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́, tí o bá ní "mò ń bọ̀," wọ́n á ti dìde ṣe é fúnra wọn, wọ́n á sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Ìjà ńkọ́? Wọ́n mọ ìjà jà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ju ìjà lọ ni bí a ṣe ń parí rẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ, kí àwọn ọmọ tí a máa bí má baà gbọ́ ti Àfáà nìkan.

Amọ̀kòkò ni wọ́n. Òkèlélé ní Ìlọrin ni wọ́n ti bí wọn, láàárín àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò, kí bàbá àgbà wa tó fẹ́ wọn wá sí Gàmbàrí. Gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n ní Ìyá Alámọ̀. Tí ìkòkò bá ti jáde nínú iná tó sì tutù, wọ́n á fi egungun ìka kàn án, wọ́n á wá dẹtí. Èyí tó jinná á ró kéńkéń, èyí tó ti sán nínú á ró bọ̀ọ̀. Àṣà yẹn wọ̀ wọ́n lára débi pé kò sóhun tí wọn kì í kàn. Wọ́n á kan bàrà kí wọ́n tó rà á. Wọ́n á kan tábìlì tí káfíńtà gbé wá, wọ́n á kan fóònù mi, wọ́n á kan orí wa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú Fẹ́mi wálé, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Adéwọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí wọn. Bó ṣe ń dìde ni wọ́n kan iwájú orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dẹtí, wọ́n wá yíjú sí mi. "Mùlíkátù, eléyìí ò tíì jinná. Fi í sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná díẹ̀ sí i."

Fẹ́mi fẹ́ràn wọn láti ọjọ́ náà. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó yẹ òun wò báyìí rí, tó fi mọ́ dókítà.

Èmi ni mo kó eré wa wọlé. Ilé ìwé gíga ni mo ti kọ́ ọ. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, a máa ń jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ní ìwé kan níwájú rẹ̀. Orúkọ ẹni tó ń ṣe nínú ìtàn á wà lórí ìwé náà, pẹ̀lú agbára onítọ̀hún, ẹrù rẹ̀, àti ibi tó kù sí. Ẹnì kan á máa darí ìtàn. Á ní, "Ẹ ti dé etí odò, odò sì ti kún. Kí lẹ máa ṣe?" Oníkálukú á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, a ó ju dáìsì, dáìsì á sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó ń na ẹnì kejì láyò. Gbogbo yín lẹ jọ máa dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, tàbí kí gbogbo yín jọ ṣègbé sọ́nà.

Ìtàn tiwa, àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ ni, tí wọ́n ń kẹ́rù láti Ìlọrin lọ sí Kánò pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan. Lùkúmánù ni ọdẹ tó ń ṣọ́ wọn. Àmínà ni oníṣègùn. Fẹ́mi ni amọ̀nà tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára nǹkan oní-nǹkan. Èmi ni mò ń darí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àgbà la ti ń ṣe é, ní gbogbo Sátidé lẹ́yìn ìrun Alásárì, torí afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, torí wọ́n sì máa ń fún wa ní wàrà àti mọ́sà jẹ.

"Ṣé tẹ́tẹ́ ni?" Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

"Rárá o, Ìyá. Kò sówó níbẹ̀."

"Lúdò ni nígbà yẹn."

"Kì í ṣe lúdò."

"Ẹ̀ ń ju dáìsì, ẹ̀ ń pariwo, ó ní kì í ṣe lúdò. Bóòdù rẹ̀ nìkan lẹ gbàgbé sílé."

Wọ́n jókòó sórí ẹní wọn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ tiwa. Irọ́ ni. Ní Sátidé kẹta, àwọn oníṣòwò wa ti rin ìrìn ọjọ́ méjì. Mo ń ṣàpèjúwe òkè kan tí mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ rò, bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí èéfín ṣe ń yọ ní abúlé tó wà nísàlẹ̀. Ohùn kan ti orí ẹní jáde pé, "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn ti mu omi?"

Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Odidi ọjọ́ méjì, ẹranko ń ru ẹrù wa, a ò fún un lómi kan. Mo ní, "Ìyá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ inú ìtàn mà ni." Wọn ò tiẹ̀ wò mí. "Ṣé òùngbẹ ò sí nínú ìtàn ni?"

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Sìdí báyìí, torí òun ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tiwa yé yín. Ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà ni ní Òkèlélé, ọ̀tá wọn náà sì ni, ó kàn dá lórí ọjọ́ tí o bá béèrè ni. Àwọn obìnrin Òkèlélé kì í dá sun ìkòkò. Wọ́n á kó tiwọn jọ sójú kan, wọ́n á to ńlá sísàlẹ̀, wọ́n á to kékeré sókè, wọ́n á fi igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á wá tiná bọ̀ ọ́. Ní agbo tiwọn, òfin kan wà tí ìyá Ìyá Àgbà fi lélẹ̀: kò sẹ́ni tó ń to ìkòkò ara rẹ̀. Ìwọ á gbé tìrẹ fún ẹlòmíì, ìwọ náà á gba ti ẹlòmíì tò. Àárín ni iná ti ń dọ́gba, oníkálukú ló sì fẹ́ kí tirẹ̀ wà láàárín.

Ó wá di ọjọ́ kan, Ìyá Sìdí wo ìkòkò tí Ìyá Àgbà mọ, ó ní ẹnu rẹ̀ nípọn bí ètè màlúù. Ìjà dé. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹnì kejì fọwọ́ kan ìkòkò òun. Oníkálukú to tirẹ̀, àwọn yòókù náà sì gbè sẹ́yìn àwọn méjèèjì, làwọn náà bá ń to tiwọn. Gbogbo ìkòkò pátá ló di ti àárín, kò sí èyí tó máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbé òmíràn ró. Nígbà tí iná mú, òkìtì náà wó lulẹ̀, ó ju ìdajì ìkòkò lọ tó fọ́. Ìyá Àgbà ní àwọn jókòó síbẹ̀ tí àwọn ń wo àpáàdì, tí kò sẹ́ni tó lè bú ẹnì kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Sìdí dé, kò kí wọn, ó kàn gbé ìkòkò wọn, ó ń tò ó jẹ́jẹ́. Bí Ìyá Àgbà bá sọ ìtàn yẹn débẹ̀, wọ́n á tún ẹnu ṣe. "Mi ò tíì forí jì í lórí ọ̀rọ̀ ètè màlúù yẹn. Ṣùgbọ́n ìkòkò mi kan ò fọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́."

Ìjà tiwa bẹ́ sílẹ̀ ní ẹnubodè ìlú kan nínú ìtàn. Àwọn oníbodè ní ẹrù wa ò ní kọjá. Ọmọ olórí wọn ń ṣàìsàn, Àmínà sì rí ọ̀nà níbẹ̀. Oníṣègùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ọmọ, ó ń fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀, dáìsì ń gbè é. Ó tó wákàtí kan gbáko tó fi ṣe é. Ó ku díẹ̀ kí ẹnubodè ṣí ni Lùkúmánù na ọwọ́ sókè.

"Ọdẹ mi ta ọfà."

"Ta ló ta á sí?" mo bi í.

"Olórí oníbodè. A ti pẹ́ jù níbí."

Ó ju dáìsì, ọfà bà á lápá. Ni àwọn oníbodè bá ya bò wá. Kò pẹ́ tí ọdẹ náà fi wà nílẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Lùkúmánù kọjú sí Àmínà. "Ó yá, wò mí sàn."

"Mi ò wò ọ́."

"Iṣẹ́ ẹ nìyẹn."

Ká ní kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni, bóyá a ì bá rí i pa mọ́ra. Àmínà ti ìwé rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Ṣé o rí i, bó o ṣe máa ń ṣe nílé náà nìyẹn. Nígbà tí a fẹ́ kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá, ìwọ lo mú ọ̀dà, ìwọ lo yan àwọ̀. Èmi lo ní kí n wá nu ilẹ̀." Lùkúmánù ní, "Tí mi ò bá ṣe é, ta ló fẹ́ ṣe é? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó wò mí lójú?" Fẹ́mi fẹ́ fi àwàdà pa á. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń jà, òun ti jí ẹṣin olórí oníbodè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lùkúmánù fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó kí Ìyá Àgbà pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Mo rò pé ó máa tán ní ọjọ́ kejì. Kò tán. Sátidé mẹ́ta kọjá. Lùkúmánù á kọ́kọ́ pè mí bóyá Àmínà wà ní Gàmbàrí kó tó wá kí Ìyá. Ọjọ́ kan tí wọ́n pàdé ní ọ̀nà àbáwọlé, kò sẹ́ni tó fún ẹnì kejì ní sàlámà. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ọmọ ilé kan náà ni wọ́n, abọ́ kan náà la jọ jẹun dàgbà, eré tí èmi fọwọ́ ara mi kó wọlé ló sì fẹ́ tú wa ká. Ni mo bá jókòó, mo kọ òfin sórí Wátsáàpù: ẹ má já lu ọ̀rọ̀ ara yín, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò kí ẹnikẹ́ni tó jà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, òfin mọ́kànlá. Gbogbo wọn fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Kò sẹ́ni tó wá.

Ìyá Àgbà pè mí. Wọ́n ní kí ló dé tí Sátidé àwọn dákẹ́. Mo ka òfin mọ́kànlá náà sí wọn létí láti òkè délẹ̀, mo tiẹ̀ ń yangàn díẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ohun tí wọn kì í ṣe. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ó dáa. O ṣòfin fún àwọn tí ò kí ara wọn. Pè wọ́n wá ní Sátidé, sọ pé mo fẹ́ gbé àmù mi."

Àmù yẹn, ìkòkò omi ńlá tí àwọn fúnra wọn fi amọ̀ mọ ni. Igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà látìgbà tí wọ́n ti bí bàbá mi. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò ní wá bá ìyá àgbà rẹ̀ gbé àmù, nítorí náà gbogbo wọn wá, wọ́n dúró jìnnà síra. Àmù kún fún omi dé ẹnu. Fẹ́mi ní ká da omi rẹ̀ nù kó lè fúyẹ́. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ gbé e bẹ́ẹ̀." Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, kí ẹni mẹ́rin gbé àmù olómi láìsọ̀rọ̀. Kò ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ tí Lùkúmánù kọ́kọ́ bá Àmínà sọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, "Rọra, ẹsẹ̀ ẹ fẹ́ kọ ilẹ̀kùn." Àmínà sì ní, "Gbé tìẹ sókè díẹ̀." A gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, omi díẹ̀ péré ló dànù.

"Ẹ jókòó," Ìyá Àgbà wí. "Ẹ kó ìwé yín fún mi."

Wọ́n gba ìwé. Wọ́n gbé ìwé ọdẹ fún Àmínà. Wọ́n gbé ìwé oníṣègùn fún Lùkúmánù. Mo ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi na ọwọ́ sí ìwé ìtàn tèmi, tí wọ́n gbé e fún Fẹ́mi, tí wọ́n wá fún èmi ní ti amọ̀nà olè.

"Ìyá, èmi ni mo ni ìtàn náà," mo wí.

"Mo mọ̀. Ìwọ náà ti ń to tìẹ sáàárín."

Wọ́n wá na ọwọ́ gba bébà funfun kan. Ọmọ ilé kéwú ni wọ́n, lẹ́tà kéwú ni wọ́n sì fi kọ ọ́, láti ọ̀tún sí òsì: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. "Èmi nìyí. Ẹ máa ṣe é lọ."

Tí ẹ bá rí wa lọ́jọ́ náà! Àmínà tó ń pariwo pé ẹnì kan ń ju ara rẹ̀ síwájú, bí ìwé ọdẹ ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, ó kọ́kọ́ ní ká jọ rò ó. Gbogbo wa tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Kí lẹ̀ ń wò?" Ọdẹ ló máa ń sọ ohun tí a máa ṣe. Nígbà tó yá, ó sú u, ó ní, "Ó dáa, mò ń lọ!" ó sì kó sáàárín àwọn oníbodè, wọ́n ṣe é léṣe. "Wò mí sàn!" ló ké sí Lùkúmánù. Èmi náà ti fara gbọgbẹ́ níbi tí mo ti fẹ́ jí nǹkan, mo ní, "Èmi náà!" Lùkúmánù ń wo ìwé oníṣègùn lọ wò ó bọ̀. Ó ní ewé tó tó ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú àpò. Ó ní òun tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún olórí oníbodè, ṣé a máa jẹ́ kí òun sọ ọ́? Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó tún un sọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Àmínà, ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí ẹ nìyí?" Àmínà ní, "Ní gbogbo Sátidé." Òun náà wá ní, "Ṣé bí gbogbo wa ṣe máa ń wò ẹ́ lójú nìyí?" Lùkúmánù ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ó máa ń ba òun lẹ́rù.

Ní tèmi, mo fẹ́ jí nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́rin, Fẹ́mi ò gbà fún mi lẹ́ẹ̀kankan, torí ó ti ní ibi tó fẹ́ kí ìtàn gbà. Mo bínú. Lẹ́yìn náà ni mo rántí òkè mi àti èéfín abúlé rẹ̀, ojú sì tì mí.

A jàjà kọjá ẹnubodè. Ni Ìyá Àgbà bá sọ̀rọ̀ láti orí ẹní. "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró. Kò lọ mọ́." Fẹ́mi ní kí wọ́n ju dáìsì. Wọ́n jù ú, iye tó ga jù lọ ló jáde, àfi bíi pé wọ́n ti ń ṣe é látijọ́. A fà á, kò lọ. A tì í, kò lọ. Ọdẹ halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ju dáìsì, kò lọ. Lùkúmánù ló wá bi wọ́n pé, "Ìyá, kí ló ń ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?"

"Áà, ẹnì kan bi í," wọ́n wí. "Ẹ̀gbẹ́ kan lẹ di gbogbo ẹrù sí láti Ìlọrin."

Lùkúmánù àti Àmínà tú ẹrù náà lórí bébà, wọ́n pín in sí ẹ̀gbẹ́ méjì, wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí èyí tó wúwo jù, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbéra. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ sunkún? Mo fi abọ́ wàrà bojú. Nígbà tí wọ́n ń dágbére, Lùkúmánù ní òun á fi máṣìnì gbé Àmínà délé. Ìyá Àgbà gbọ́, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n dìde. "Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ gbé àmù mi padà síbi tó wà."

Láti ọjọ́ náà ló ti di àṣà wa. Bí ìjà bá ti fẹ́ rú, ẹnì kan á ní "ẹ jẹ́ ká tò ó," a ó pààrọ̀ ìwé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gba ìwé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà rí. Àwọn ló ni ín títí ara wọn kò fi yá mọ́. Nígbà tí wọn ò lè jókòó, a gbé tábìlì wọ yàrá, wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á di ojú, ẹ ó rò pé wọ́n ti sùn, wọ́n á wá ní, "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró."

Ìyá Sìdí wá síbi ìsìnkú. Ọmọ rẹ̀ ló dì í mú. Ó fi egungun ìka kan àmù Ìyá Àgbà lẹ́ẹ̀mejì, ó dẹtí, ó ní ẹnu rẹ̀ ò nípọn rárá. Ó wá jókòó, ó sunkún.

Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn fídáù, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìsí wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í kúkú ṣe eré ló ń kó wa wá sílé yẹn, Ìyá Àgbà ni. Mo rò ó pé tí ọjọ́ yẹn bá bà jẹ́, a ò ní padà wá mọ́, àjọyọ̀ àti ìsìnkú ló kù tá a ó máa ti pàdé. Mo kó ìwé jáde. Bébà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà láàárín wọn, ó ti ká létí, lẹ́tà kéwú rẹ̀ ti ń ṣá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Àmínà ní ká tọ́jú rẹ̀ sínú férémù.

Lùkúmánù ti ìwé ọdẹ rẹ̀ sọ́dọ̀ Fẹ́mi. Lùkúmánù tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun. Ó fa bébà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà sọ́dọ̀, ó fi ọwọ́ tẹ́ etí rẹ̀ tó ká.

Mo ní, "Ó dáa. Àwọn oníṣòwò ti rìn láti àárọ̀. Oòrùn mú gan-an. Kí lẹ máa ṣe?"

A wo Lùkúmánù, ó wo ilẹ̀.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí," ó wí.

Àmínà ò ju dáìsì. Ó dìde, ó mú ife, ó bu omi nínú àmù Ìyá Àgbà, ó gbé e fún un. Lùkúmánù mu ún tán, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ.